Orí Kẹrin: Láti Ìgàndò sí Erékùṣù Gberefu, Àlọ Àtàbọ̀ Lójúmọ́ Kan

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé tó mọ́ kedere, kọ́ńdọ́ ti ń pe "Ìyànà-Ìbà, wọlé!" lójú títì Ìgàndò. Ọlọ́jà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń sáré wọkọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LASU náà sì wà níbẹ̀. Ṣàṣà ni ẹni tó ń lọ ṣe fàájì láàárín wọn. Síbẹ̀, ọ̀nà yìí kan náà ni ẹni tó bá fẹ́ dé erékùṣù Gberefu ní Àgbádárìgì, kí ó sì padà wá sùn sórí ibùsùn rẹ̀ lálẹ́, máa gbà.

Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìgàndò wà. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn l'Ékòó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìkànìyàn náà. Ṣùgbọ́n Alímọ̀ṣọ́ kò bá òkun pààlà. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ẹ̀gbẹ́dá lè máa gbọ́ pé ìlú omi ni Èkó títí yóò fi gbéyàwó, kí ó má tíì fẹsẹ̀ tẹ inú ọkọ̀ ojú omi rí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni orí yìí wà fún: baba tó fẹ́ mú ìyàwó àtọmọ jáde, olùkọ́ tó fẹ́ kó kíláàsì kan lọ wo ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrú sọdá, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí tó ti dá owó jọ.

Ohun kan wà tó yẹ kó yé onírìn-àjò kó tó ṣí ojú ewé kejì. Erékùṣù ni kí ó kọ́kọ́ lọ; kí àwọn ilé àtijọ́ inú ìlú tẹ̀ lé e. Òdìkejì èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe. Wọn á dé Àgbádárìgì, wọn á bẹ̀rẹ̀ láti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, wọn á yà síbí, wọn á yà sọ́hùn-ún, wọn á jẹun, aago mẹ́ta á ti lù kí wọ́n tó rántí omi. Nígbà náà, atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ dáadáa, òjò ọ̀sán lè ti ṣú, àwọn ọlọ́kọ̀ sì ti ń kánjú àtilọ sílé. Ilé tí wọ́n kọ́ parí ní ọdún 1845 kò ní wó kí ọ̀sán tó pọ́n. Ojú omi ló máa ń yí padà láàárín wákàtí méjì.

Ohun tí a ó mú dání

Àpò kan ṣoṣo tó ṣeé gbé kọ́ ẹ̀yìn ló dára jù, nítorí ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣófo nígbà tí èèyàn bá ń wọ ọkọ̀ omi tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀. Káàdì ìdánimọ̀ ni kó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Ọ̀nà Àgbádárìgì ni ọ̀nà Ṣẹ̀mẹ̀. Ojú ọ̀nà ẹnubodè ni. Kọ́sítọ́ọ̀mù, imigíréṣọ̀n àti ọlọ́pàá ń dá ọkọ̀ dúró léraléra níbẹ̀, àgbàlagbà tí kò bá ní káàdì lọ́wọ́ lè mú kí gbogbo ọkọ̀ pẹ́.

Owó pépà ṣe pàtàkì, kí ó sì jẹ́ kéékèèké. Ẹni tó bá gbójú lé POS tàbí lé àtifi fóònù sanwó lè bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ti kú lérékùṣù, ọlọ́kadà tó ń dúró gba owó rẹ̀ kò sì ní gbọ́ àlàyé.

Lẹ́yìn ìyẹn, omi mímu tó tó lítà kan àbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Fìlà tó ní okùn àgbọ̀n. Sáńdà tó de ẹsẹ̀ dáadáa, nítorí iyanrìn á gba sílípáàsì lọ́wọ́ onítọ̀hún, á sì kún inú bàtà káńfáàsì. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo apá. Ọ̀rá tó nípọn méjì fún fóònù, ọ̀kan nínú èkejì, kí a ta wọ́n ní kókó. Páwà báǹkì. Fèrè kékeré tí a so mọ́ ọrùn, pàápàá fún ọmọdé. ORS, pílásítà, oògùn orí fífọ́, àti oògùn fífàsímú fún ikọ́ fée bí ẹnì kan bá ń lò ó. Kí agboòrùn dúró sílé. Atẹ́gùn ojú omi á gbà á, á sì fa ẹni tó dì í mú.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìyí. Ẹ̀wà àgọ̀nyìn Ìkòtún dùn láàárọ̀, kò sẹ́ni tó ń jiyàn. Ṣùgbọ́n láti Ìyànà-Ìbà dé Àgbádárìgì, ilé ìyàgbẹ́ tó ṣeé fojú wò kò wọ́pọ̀, ọ̀nà náà sì ń mi èèyàn jìgìjìgì. Búrẹ́dì àti ẹyin sísè sàn jù fún àárọ̀ yẹn. Kí a fi ẹ̀wà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀wù ìléfòó, èyí tí gbogbo ọlọ́kọ̀ mọ̀ sí life jacket, wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé èrò sọdá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ti àgbàlagbà ló ń pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́wàá, tó sì rí i pé òun á máa gbé wọn lọ sójú omi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó ra ti ọmọdé, èyí tó ní okùn tó ń gba abẹ́ itan kọjá. Láìsí okùn yẹn, bí ọmọ bá bọ́ sómi, ẹ̀wù á léfòó, ọmọ á yọ́ jáde lábẹ́ rẹ̀.

Yíyan ọjọ́, kíka aago sẹ́yìn

Láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kejì ni àkókò tó rọrùn jù. Ilẹ̀ gbẹ, òjò kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Àmọ́ ọyẹ́ oṣù Kejìlá àti Kìíní máa ń bo ojú omi láàárọ̀ bí èéfín. Òfin tó rọrùn ni pé bí a kò bá tíì lè rí igi tó wà ní òdìkejì ọ̀sà láti jẹ́tì, ọkọ̀ kò tíì yẹ kó gbéra. Kí a jókòó, kí a jẹ búrẹ́dì, oòrùn á tú u ká.

Oṣù Kẹfà àti Keje burú fún ìrìn yìí. Òjò ń rọ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́ nígbà mìíràn, òkun sì ń ru. Lẹ́yìn òjò púpọ̀, òjúoró àti koríko omi mìíràn máa ń ṣàn wá bo ojú ọ̀sà. Wọ́n lè wé mọ́ abẹ ẹ́ńjìnnì kí ó sì kú láàárín omi.

Sátidé sàn ju Sunday lọ fún ará Ìkòtún. Ẹni tó bá mọ ojú títì ibẹ̀ láàárọ̀ Sunday mọ bí èrò ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń dí i. Ọjọ́ ọdún, ìbáà ṣe Ìléyá tàbí Kérésì, kò yẹ ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ rárá. Gbogbo Èkó ló ń rántí etíkun lọ́jọ́ náà, wọ́n á sì máa kún inú ọkọ̀ kọjá bó ṣe yẹ.

Bí a bá ti mú ọjọ́, kí a ka aago láti ẹ̀yìn wá síwájú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó yẹ kí èèyàn ti kọjá Ìyànà-Ìbà, nítorí náà kí ó kúrò ní Àgbádárìgì kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán. Kí ó tó lè rìn inú ìlú fún wákàtí méjì, kí ó sì jẹun, ó ní láti ti erékùṣù dé nígbà tí aago méjìlá bá ń súnmọ́. Erékùṣù fúnra rẹ̀ á gba wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ìyẹn ni pé kí ẹsẹ̀ ti wà ní jẹ́tì ní aago mẹ́sàn-án. Nítorí ọ̀nà ò ṣeé fọkàn tán, aago mẹ́fà àárọ̀ ni kí ọkọ̀ gbéra ní Ìgàndò. Ará Ẹ̀gbẹ́dá tó máa gba Ìshẹ̀rì bọ́ sí ojú ọ̀nà LASU, kí ó fi ìdajì wákàtí kún un. Ẹni tó bá sọ pé aago mẹ́jọ lòun máa jáde, kí ó kúkú mú ọjọ́ mìíràn.

Amọ̀nà

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan dá lọ, kí ó sì dé. Ṣùgbọ́n amọ̀nà ń ṣe ohun mẹ́ta tí àlejò kò lè ṣe: ó mọ ọlọ́kọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í kú, ó ń bá àwọn ará erékùṣù sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì mọ ibi tí kámẹ́rà kò gbọ́dọ̀ kọjú sí. Àwọn Ègùn tó ń pẹja ló ń gbé Gberefu. Ibùgbé ni, wọ́n ń sùn níbẹ̀, wọ́n sì ń bọ òrìṣà wọn níbẹ̀.

Badagry Heritage Museum ni ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀ sí í wá amọ̀nà. Ọ́fíìsì ọ̀gá ìjọba òyìnbó tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1863 ni ilé náà tẹ́lẹ̀. Kí a pe ibẹ̀ ṣáájú, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta, kí amọ̀nà wá pàdé wa ní jẹ́tì láàárọ̀. Àwọn tó ń sáré bá àlejò ní jẹ́tì fúnra wọn, tí wọ́n ń pe "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n mú yín lọ," ni kí a ṣọ́ra fún. Gbogbo wọn kọ́ ló burú, àwọn kan sì mọ ìtàn jù. Àmọ́ ẹni tí kò bá lè fi káàdì hàn, tí kò sì fẹ́ kọ iye tó gbà sílẹ̀, kò yẹ kí ó mú ọmọ ẹlòmíràn sọdá omi.

Kí àdéhùn wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù kí owó tó jáde: owó amọ̀nà, owó ọkọ̀ ní àlọ àti àbọ̀, owó tí àwọn ará ìlú ń gbà lérékùṣù, owó ọ̀kadà, owó ẹnu ọ̀nà ilé ọnà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́nà yìí kò ju kí ẹnì kan rò pé owó kan ti wà nínú èkejì. Kí a san ìdajì, kí ìdajì dúró di ìgbà tí ẹsẹ̀ bá padà tẹ ilẹ̀ ìlú.

Ojú ọ̀nà

Láti Ìkòtún tàbí Ìgàndò, ojú ọ̀nà LASU ni a ó gbà dé Ìyànà-Ìbà, a ó sì wọ ọkọ̀ Àgbádárìgì níbẹ̀. Òkòkómáíkò, Ìjànìkìn àti Agbárá á kọjá lójú fèrèsé. Kí a bi dírẹ́bà léèrè kedere kí a tó jókòó pé ṣé ó dé ráńdábáòtù Àgbádárìgì. Àwọn kan ń pe Àgbádárìgì, Agbárá ni wọ́n máa já èrò sí.

Ibi tí wọ́n bá ti ń yẹ ọkọ̀ wò, kí fóònù wọ àpò. Yíya fọ́tò kọ́sítọ́ọ̀mù tàbí sójà lẹ́nu iṣẹ́ ti fa wàhálà fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó kàn fẹ́ ṣe fídíò ìrìn-àjò.

Kíláàsì tàbí ẹgbẹ́ tó bá gba ọkọ̀ tiwọn, kí wọ́n ka orí níbi mẹ́rin: kí wọ́n tó gbéra, ní jẹ́tì, lórí erékùṣù kí wọ́n tó padà wọkọ̀, àti ní ráńdábáòtù. Ẹnì kan náà ni kó máa kà á, nítorí ibi tí èèyàn méjì bá ti ń kà, olúkúlùkù á rò pé èkejì ti kà á.

Ní jẹ́tì

Ibí yìí ni ìrìn-àjò ti lè di ìròyìn, ó sì yẹ kí a rọra. Ọ̀sà tó wà láàárín ìlú àti Gberefu kò fẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì á sọdá rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dùn. Kíkúrú rẹ̀ gan-an ló ń fa àìbìkítà. Ọlọ́kọ̀ á ní, "Mọ́mì, ibí ni ibí yìí, ẹ má dààmú ara yín." Àmọ́ omi tó wà láàárín ọ̀sà jìn ju ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ lọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì tó fún un láti rì.

Kí a wo ọkọ̀ náà kí a tó sanwó. Ṣé omi wà nínú ìsàlẹ̀ rẹ̀? Díẹ̀ kò burú bí igbá ìgbọ́nmi bá wà níbẹ̀. Bí kò bá sí igbá, kí a bèèrè. Ṣé àjẹ̀ tàbí ọ̀pá ìtukọ̀ wà nínú rẹ̀? Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì nìkan ló ní kò ní ọ̀nà mìíràn padà bí ẹ́ńjìnnì bá kú. Ṣé ibi ìjókòó tó iye èrò? Bí ẹnì kan bá ní láti dúró tàbí kí ó jókòó sí etí ọkọ̀, ọkọ̀ ti kún. Kí a dúró de èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kù nínú ọkọ̀ ń pòṣé.

Ẹ̀wù ìléfòó ń fẹ́ ìdánwò. Kí a fọwọ́ tẹ fóòmù inú rẹ̀. Bó bá wúwo tó sì ń rùn bí kànìnkànìn tútù, ó ti mu omi, kò lè gbé ẹnikẹ́ni. Kí a wọ̀ ọ́, kí a ti gbogbo ìdè rẹ̀, kí ẹlòmíràn fa èjìká rẹ̀ sókè. Bó bá gòkè kọjá àgbọ̀n títí dé imú, ó tóbi jù. Wíwọ̀ ọ́ láìdè é kò yàtọ̀ sí kí a gbé e lé itan.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 2024, ọkọ̀ tó gbé àwọn òṣèré fíìmù kọlu ọkọ̀ apẹja lójú odò Ọya ní ìpínlẹ̀ Anambra. Junior Pope Odonwodo, tí ọ̀pọ̀ ilé mọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, wà lára àwọn tó kú, kò sì wọ ẹ̀wù ìléfòó. L'Ékòó níbí gan-an, ní oṣù Keje ọdún 2022, ọkọ̀ kan kúrò ní Mazamaza lọ sí Ìbẹ̀ṣẹ̀ lẹ́yìn tí àkókò àtirin omi ti kọjá, ó sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí. LASWA, àjọ tó ń mójú tó ojú omi Èkó, kò fọwọ́ sí kí ọkọ̀ èrò máa rin omi lóru, bẹ́ẹ̀ ni wíwọ ẹ̀wù ìléfòó kì í ṣe ohun tí ọlọ́kọ̀ lè fi ṣe àánú. Ẹni tó bá ní kí a bọ́ ọ nítorí ooru, kí a sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Bí a bá ń wọlé, ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ sí àárín ọkọ̀, kí a jókòó kíá. Àwọn tó sanra kì í jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má dìde ya fọ́tò. Ohun tó ń dojú ọkọ̀ kékeré dé ju ìgbì lọ ni kí èèyàn márùn-ún fì sí apá kan lẹ́ẹ̀kan náà nítorí ẹja tó fò. Ẹni tí inú bá ń rú, kí ó tẹjú mọ́ etí ilẹ̀ tó wà lókèèrè, kí ó má wo fóònù tàbí ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Bí ọkọ̀ bá dojú dé, kí a dì í mú. Ọkọ̀ onígi tàbí ti fáíbà sábà máa ń léfòó bó tilẹ̀ dojú dé, orí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì rọrùn fún olùgbàlà láti rí ju ti ẹni tó ń dá wẹ̀ lọ sí etí omi. Kí fèrè máa dún. Nọ́ńbà pàjáwìrì l'Ékòó ni 112 tàbí 767. Kí méjèèjì ti wà nínú fóònù ẹni tó dúró sí ilẹ̀.

Lórí Gberefu

Láti ibi tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí etíkun, ìrìn bí ìdajì wákàtí ni nínú iyanrìn, láàárín igi àgbọn. Ọ̀kadà wà. Fún àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, kí ó gùn ún. Fún ẹni tí ara rẹ̀ dá, kí ó fẹsẹ̀ rìn, nítorí ọ̀nà yìí ni wọ́n mú àwọn ẹrú tí wọ́n dè gbà, ó sì yàtọ̀ kí èèyàn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ bó ti gùn tó. Ẹni tó bá gun ọ̀kadà, kí ó má gbà kí èrò méjì wà lẹ́yìn: iyanrìn rírọ̀ ń yí táyà lójijì.

Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà. Amọ̀nà á sọ pé wọ́n ń mú kí àwọn ẹrú mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ó lè wu ẹnì kan láti tọ́ ọ wò. Kí ó má mu ún. Kọ́lẹ́rà jà l'Ékòó ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, omi tí a kò mọ bó ṣe mọ́ tó kò yẹ ẹnu àlejò. Gbígbọ́ ìtàn rẹ̀ tó.

Ní òpin ọ̀nà ni òpó méjì dúró tí wọ́n kọjú sí òkun, ibi tí wọ́n ń pè ní Ibi Àìpadà. Àwọn ọmọ Áfíríkà láti Amẹ́ríkà àti Brazil ń wá síbí, òmíràn nínú wọn á kúnlẹ̀, á sunkún. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó bá gbé ẹ̀rọ orin dání, kí wọ́n pa á nígbà tí wọ́n bá rí irú wọn. Kò sí òfin tó sọ bẹ́ẹ̀. Ojú ló yẹ kó rí i. Ibi tí a bá rí màrìwò tí wọ́n so, tàbí ilé òrìṣà, kí a bi amọ̀nà kí a tó na fóònù, kí a sì bi ìyá tó ń yan ẹja kí a tó ya òun náà.

Òkun ibẹ̀ kì í ṣe omi ìwẹ̀. Èyí ni ìkìlọ̀ tó ga jù nínú orí yìí lẹ́yìn ti ẹ̀wù ìléfòó. Ìgbì ń da omi lu etíkun láìdáwọ́ dúró, omi náà sì gbọ́dọ̀ padà. Ojú ibì kan tóóró ló ń gbà padà, ó sì ń fà lọ sínú bí odò tó ń ṣàn. Ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ fọ́ níbẹ̀, nítorí náà òun gan-an ló máa ń dà bí ibi tó tòrò jù lójú ẹni tí kò mọ̀. Omi tó dé orúnkún ti tó láti gbá ọmọdé lẹ́sẹ̀. Kí a jókòó sórí iyanrìn gbígbẹ, kí àgbàlagbà kan wà láàárín àwọn ọmọ àti omi nígbà gbogbo.

Ẹni tí omi bá ti gbé, kí ó má bá a jà tààrà sí etíkun. Agbára rẹ̀ á tán. Kí ó wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí omi á fi jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ó tó kọjú sí ilẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n wẹ̀, kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kí ó gbé ọwọ́ kan sókè. Àwọn tó wà ní ilẹ̀, kí wọ́n má bẹ́ sínú omi tẹ̀ lé e. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé pinpin, tí a so okùn mọ́, ni kí wọ́n jù sí i, kí wọ́n sì pe àwọn apẹja.

Ìlú lẹ́yìn ọ̀sán

Bí aago méjìlá bá bá onírìn-àjò ní ìlú, àkókò kù láti wo ibi mẹ́ta. Ilé ìdílé Mobee ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ gidi, títí kan ti ọmọdé. Òun ni kí olùkọ́ má fò. Ilé tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí, ti Sẹ̀ríkí Williams Abass tó kú ní ọdún 1919, súnmọ́ omi. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti ọdún 1845 náà kò jìn síbẹ̀. Ibi tí igi Agia wà, níbi tí wọ́n ti wàásù Kristi ní ọdún 1842, kò ní ju kí a dúró wo ohun ìrántí rẹ̀ lọ, nítorí igi náà ti wó ní ọdún 1959.

Kí etí onírìn-àjò là níbi wọ̀nyí. Amọ̀nà á sọ pé ẹrú ogójì ni wọ́n ń fi ra agboòrùn kan. Á ní ọdún 1502 ni wọ́n dá ọjà ẹrú Vlekete sílẹ̀. Àwọn òpìtàn ní tiwọn ń sọ pé ọ̀rúndún kejìdínlógún ni òwò náà gbilẹ̀ ní Àgbádárìgì. Kò yẹ kí a bá amọ̀nà jà lójú àwọn ọmọ. Kí a kàn bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí?" Èyí tó mọṣẹ́ á yà á sọ́tọ̀ pé èyí wà nínú ìwé, èyí la gbọ́ lẹ́nu bàbá wa. Ọ̀nà méjèèjì ni ìtàn ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọ kíláàsì sì yẹ kó mọ èwo ni èwo.

Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Sísan owó àlọ àtàbọ̀ fún ọlọ́kọ̀ láì gba nọ́ńbà rẹ̀ ló wà níwájú. Ó ti gba owó, ó lọ gbé èrò mìíràn, àwọn tirẹ̀ sì ń wo omi. Èkejì ni fífi gbogbo oúnjẹ àti omi sílẹ̀ sínú ọkọ̀ ní ìlú. Ẹ̀kẹta ni gbígbé ọmọ ọwọ́ sí itan nínú ọkọ̀ omi láìsí ohunkóhun lọ́rùn ọmọ náà; ìyá kan kò lè di ọmọ mú nínú omi lójijì, bó ti wù kó fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ẹ̀kẹrin jẹ mọ́ àwọn ọ̀dọ́: fífò sókè nínú ọkọ̀ láti ṣe fídíò.

Ẹni tó bá ti kọ́ ọ̀nà yìí dáadáa á rí i pé ó wúlò níbòmíràn. Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òpó lójú ọ̀sà Nokoué ní Benin, ń gba àlejò láti jẹ́tì Abomey-Calavi. Ẹnubodè Ṣẹ̀mẹ̀ ló wà láàárín, nítorí náà ará Alímọ̀ṣọ́ kò lè fi ojúmọ́ kan ṣe é láìpa ara rẹ̀, kí ó sun Kútọnu. Ní Ethiopia, adágún Tana wà lórí òkè, nǹkan bí 1,800 mítà sókè ju òkun lọ. Ọkọ̀ ń gbéra ní Bahir Dar lọ sí àwọn erékùṣù tó ní ilé àwọn mọ́ńkì, àárọ̀ ni wọ́n sì fẹ́ràn láti lọ kí atẹ́gùn ọ̀sán tó dìde. Àwọn mìíràn nínú ilé mọ́ńkì náà kì í gba obìnrin wọlé, ó yẹ kí tọkọtaya mọ èyí kí wọ́n tó sanwó. Titicaca láàárín Peru àti Bolivia ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, mítà 3,812. Níbẹ̀, kì í ṣe omi nìkan ló ń dá àlejò lóró: afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ ń mú orí fọ́, ó sì ń mú èèyàn bì, kí a fi ọjọ́ kan tàbí méjì sinmi kí a tó wọkọ̀.

Àbọ̀

Kí aago mẹ́ta tó lù, ráńdábáòtù. Kí a má jẹ́ kí àgbọn títà mú wa pẹ́; a lè rà á, kí wọ́n bó o níbẹ̀. Bí aago márùn-ún bá ti kọjá tí èèyàn ṣì wà ní Àgbádárìgì, ilé ìtura ni kí ó wá, kí ó sì ránṣẹ́ sílé, nítorí ihò ojú ọ̀nà àti ọkọ̀ àjàgbé tí kò ní iná ń dúró de ẹni tó bá ń rìn lóru. Ẹni tó bá dé Ìyànà-Ìbà lẹ́yìn aago méje, kí ó lọ wọkọ̀ nínú gáréèjì. Ọkọ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí iná inú rẹ̀ kú, tí ọkùnrin mẹ́ta ti jókòó sínú rẹ̀, tí kọ́ńdọ́ sì ń sọ pé èèyàn kan ṣoṣo ló kù, kí ó kọjá lára rẹ̀, kí ó sì tètè pe ará ilé láti sọ ibi tó dé.